Lẹ́tà sí Délé lórí iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ kàsínò

Délé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? O ní àbúrò rẹ tó kàwé ìṣirò owó fẹ́ wáṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ kàsínò àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Oklahoma. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé kàsínò kọ́ ni yóò gbà á: ìgbìmọ̀ tí ìjọba ẹ̀yà náà gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ kàsínò ni. Ọ̀gá kàsínò ń wá èrè, ìgbìmọ̀ ń wá ibi tí òfin ti yẹ̀. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń ṣe méjèèjì, kò sí ìṣọ́ níbẹ̀.

Òfin ọdún 1988 tí wọ́n ń pè ní IGRA ló la ìlànà sílẹ̀ fún tẹ́tẹ́ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀. Òun náà ló dá NIGC sílẹ̀ ní Washington, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ tẹ́tẹ́ àwọn ẹ̀yà, ẹni mẹ́ta péré: Ààrẹ ń yan alága, Sẹ́nétọ̀ ń fọwọ́ sí i, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ń yan méjì yòókù. Méjì nínú wọn, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀.

Ìwé àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jẹ àkókò jù. Ẹni tó bá máa di ipò pàtàkì mú yóò tẹ̀ka, yóò kọ ibi tó ti gbé, ibi tó ti ṣiṣẹ́, gbèsè rẹ̀ àti ẹjọ́ rẹ̀. Láàárín 60 ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àbájáde ìwádìí gbọ́dọ̀ dé Washington, tí àwọn náà ní 30 ọjọ́ láti ta kò ó. Bí 90 ọjọ́ bá kọjá láìsí ìwé àṣẹ, kó jókòó sílé ni. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ kéré: fáìlì kan ń dúró de lẹ́tà ọ̀gá àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́. Tàbí kí ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ẹ̀yà náà pè nítorí ìbátan rẹ̀. Kí àbúrò rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún ẹni tó ń fọwọ́ sí owó oṣù ẹni o!

Yàrá ìkawó tún wà níbẹ̀. Ní kàsínò ńlá, ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán ló ń kà á, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá kà á. Bí wọ́n bá da àpótí kan tán, wọ́n á gbé inú rẹ̀ han kámẹ́rà. Akápò á wá tún owó náà kà kó tó mọ iye tí wọ́n kọ sílẹ̀, torí ẹni tó ti rí iye kan kì í kà á dáadáa mọ́.

Ní ti òkè pátápátá, wo Philip Hogen, ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀ Oglala Sioux. Agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ni ní South Dakota kó tó wọ NIGC, ó sì ṣe alága rẹ̀ láti 2002 títí di 2009. Lásìkò tirẹ̀, ní 2006, ilé ẹjọ́ sọ pé NIGC kò láṣẹ láti fi ìlànà ìkawó rẹ̀ de tẹ́tẹ́ Class III, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ńlá àti káàdì blackjack, tó jẹ́ pé àdéhùn ẹ̀yà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹrù náà wà lọ́rùn àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yà gan-an. Lójú tèmi, ibẹ̀ niṣẹ́ wà, kì í ṣe Washington.

Nítorí náà, kó wá àyè ní ẹ̀ka àyẹ̀wò ìwé owó. Ìròyìn ọdọọdún ti ọ̀dìtọ̀ gbọ́dọ̀ dé NIGC láàárín 120 ọjọ́ tí ọdún ìnáwó bá parí, ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn kì í pẹ́ níta. Kó sì ka àdéhùn àwọn ẹ̀yà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Oklahoma tán kó tó lọ fún ìntáfíù, wọn á bi í.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Túnjí