Ìkéde: Ìdánrawò Chess Ojoojúmọ́

Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìbàdàn, a kí yín o. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, wákàtí méjì lójúmọ́ ni ìdánrawò.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 30 wá ojútùú sí àdììtú chess 10 lórí Lichess, ìkànnì chess orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì (ìgbésẹ̀ tó kọlu ọba), lẹ́yìn náà ohun tí ẹ lè jẹ, kí ẹ tó wo ìhalẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ ó fi rò ó délẹ̀. Àwọn tó ń méfò ni kì í tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ta ayò kan: ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá 10 ní àfikún fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ayò ìṣẹ́jú 3 ò sí nínú ẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sínú ìwé. Bí wọ́n bá mú iná lọ, pátákó ò kúkú nílò iná.

Ìṣẹ́jú 30 tó kù, ẹ fi yẹ ayò náà wò. Ẹ fúnra yín kọ́kọ́ wá àṣìṣe yín, kí ẹ tó bi kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Philidor la máa ṣe, ìyẹn ọgbọ́n ìgbèjà ní ìparí ayò, nígbà tí funfun ní rúùkù àti pọ́ọ̀nù kan, tí dúdú sì ní rúùkù nìkan pẹ̀lú ọba rẹ̀. Ẹni tó ń fi dúdú gbèjà yóò fi rúùkù rẹ̀ sórí ìlà kẹfà (a ń kà á láti ọ̀dọ̀ funfun), kí ọba funfun má lè wọlé. Ó di ìgbà tí pọ́ọ̀nù funfun bá dé ìlà náà kí rúùkù tó sáré lọ sí ìlà kìíní láti máa fún ọba ní ṣẹ́ẹ̀kì látẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ń kánjú kúrò, ibẹ̀ ni ọ̀mì ti ń bọ́.

Ẹ mú ìwé yín dání.