Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Nípa Àsè Àjọyọ̀ Rẹ̀ ní Freedom Park

Ṣúrùlérè,
Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á sókè kí bàbá rẹ lè gbọ́. Inú wa dùn gan-an pé o fẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jọ jẹun alẹ́ ní Freedom Park, ní Broad Street, láti fi dúpẹ́ pé Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ sínú ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò. Làálàá ọdún púpọ̀ ni ó parí ní Àbújá lọ́jọ́ tí o dé wíìgì yẹn, ó sì tọ́ kí o bá àwọn tí ẹ jọ ṣe wàhálà rẹ̀ jókòó, kí ẹ jẹ, kí ẹ mu. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni mo tà ní Yábàá tí mo fi rán yín níléèwé, mo sì ti rí àsè tí ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ìbínú parí rẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ ránṣẹ́ sí ọ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gbọ́ ibi tí o fẹ́ lò, ọ̀rọ̀ náà kò sì bá wọn lára mu. Wọ́n ní kí ló dé tí ọmọ wa yóò fi lọ ṣe àjọyọ̀ níbi tí wọ́n ti ń so ènìyàn rọ̀ nígbà kan rí. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí ìtàn rẹ̀, nítorí òótọ́ ni pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé ìjọba àwọn òyìnbó, àti pé ibi tí igi ìsokọ́ wà nígbà náà ni pèpéle eré wà lónìí. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé Theo Lawson, ayàwòrán ilé tí ó sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́, kò pa ìtàn náà rẹ́. Wọ́n ṣí i ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tí ó gba òmìnira, ẹnikẹ́ni nínú wa sì lè wọ ibẹ̀ báyìí kí ó sì jáde nígbà tí ó bá wù ú. Herbert Macaulay, tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún ní 1928 nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde lórí ọ̀ràn Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó tí àwọn òyìnbó yọ lóyè, wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà mọ́ ibẹ̀, agbẹjọ́rò bíi tìrẹ sì ni. Lójú tèmi, kò sí ibi ìjẹun mìíràn ní Èkó tí ó lè rán agbẹjọ́rò tuntun létí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn.

Nítorí bẹ́ẹ̀, kí ẹ tètè dé, kí o sì mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yí ọgbà náà ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo bí àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n náà ti há tó, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Fọ́tò kò burú, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bí ẹlẹ́wọ̀n níwájú kámẹ́rà kí àwọn yòókù máa fi rẹ́rìn-ín, nítorí pé ènìyàn kú níbẹ̀ ní tòótọ́.

Èyí tí ó ká mi lára jù lọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni ti ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ gbé yàrá kan náà nílé ẹ̀kọ́ òfin, ẹni tí èsì ìdánwò ìkẹyìn kò bá a lára mu. O ní o kò mọ̀ bóyá kí o pè é, pé bí o bá pè é, ó lè dà bí ẹni pé ò ń fi ayọ̀ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, bí o kò bá sì pè é, yóò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àbẹ̀kẹ́, pè é. Má ṣe pè é lórí WhatsApp níbi tí gbogbo yín jọ wà, tí yóò fi di dandan fún un láti fèsì lójú gbogbo ayé. Lọ bá a nílé, tàbí kí o tẹ̀ ẹ́ láago ní ìrọ̀lẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, kí o sọ fún un pé àsè náà kò ní pé lójú rẹ bí kò bá sí níbẹ̀, kí o sì sọ fún un lẹ́sẹ̀kan náà pé bí ọkàn rẹ̀ kò bá gbé e, ìwọ kò ní bínú. Bí ó bá ní òun kò ní lè wá, gbà bẹ́ẹ̀. Má ṣe rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀ ẹ́, má sì jẹ́ kí àwọn yòókù máa wádìí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ó bá wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni kí ó jókòó sí. Bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ ṣáájú, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú lórí tábìlì, nítorí pé irú àánú bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí inú ẹni tí ń ṣe é mọ́ tó, a máa sọ gbogbo ojú di ti ẹnì kan, oúnjẹ kì í sì í lọ lọ́nà ọ̀fun ẹni tí gbogbo ènìyàn ń ṣàánú. Òun náà mọ̀ pé ìdánwò náà ṣe é tún ṣe. Ìgbà tí o bá dìde láti dúpẹ́, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ kúrú, má ṣe mẹ́nu kan ipò tí o gbà, ṣùgbọ́n dárúkọ àwọn tí ó bá ọ ṣe àìsùn, kí orúkọ tirẹ̀ sì wà níbẹ̀ láìsí àlàyé kankan, nítorí pé ìwọ fúnra rẹ ni o sọ fún mi pé òun ní ń jí ọ ní ìdájí láti jọ ka ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn. Bí ẹ bá ń gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé agbẹjọ́rò tuntun ni gbogbo yín, àwọn ará ilé rẹ̀ náà yóò rí i.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó pe ènìyàn jẹun ni í sanwó oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ní àṣà kí kálukú san tirẹ̀, n kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀, bí gbogbo ènìyàn bá ti mọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ohun tí mo kórìíra ni kí ìwé owó balẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo yín wá máa wo ojú ara yín, kí ẹni tí ó jẹ ìrẹsì nìkan sì san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó jẹ odidi ẹja. Nínú ẹ̀yin mẹ́jọ, ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, àwọn kan sì ń retí owó àgùnbánirọ̀. Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní, ó sì máa ń ṣòro fún ẹni tí kò ní láti sọ ọ́ jáde. Ohun tí mo ń gbà ọ́ níyànjú ni pé kí o san owó oúnjẹ gbogbo yín, kí o sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà tí o bá ń pè wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọtí kọjá èyí tí o pèsè ni kí ó san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí o bá ń ṣírò, má ṣe fi iye tí ó wà nínú ìwé oúnjẹ nìkan ṣírò. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Èkó, wọ́n á fi VAT kún un, 7.5 nínú 100; wọ́n lè fi owó orí ìjẹun ti ìpínlẹ̀ náà kún un, 5 nínú 100; àwọn kan sì tún máa ń gba 10 nínú 100 fún iṣẹ́ àwọn agbóúnjẹ. Ká ní oúnjẹ ₦15,000 ni ẹ̀yin mẹ́jọ jẹ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ₦120,000 ni yóò wà lójú rẹ, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ₦147,000 ni yóò jáde lọ́wọ́ rẹ. Béèrè èwo ni wọ́n ń gbà àti èwo ni wọn kì í gbà. Béèrè pẹ̀lú bóyá olóúnjẹ kan ṣoṣo ni yóò bójú tó yín, nítorí pé níbi tí olóúnjẹ bá ti pọ̀, ìwé owó a máa wá láti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o tó mọ̀, iye náà á ti kọjá ohun tí o fọkàn sí. Mú owó díẹ̀ dání lọ́wọ́, nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì báńkì kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ẹni tí ó bá ti dáná tà rí mọ̀ pé ẹja àrọ̀ yíyan kì í yá. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹ jókòó kí ẹ tó ní ẹ fẹ́ ẹ, ọtí ni yóò kọ́kọ́ wọ ikùn òfìfo, ibẹ̀ sì ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Fi iye yín àti ohun tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, kí àsun tàbí ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ sì kọ́kọ́ wá. Má gbàgbé ọ̀rẹ́ rẹ tí ara rẹ̀ kò gba edé. Edé lílọ̀ máa ń wà nínú ọbẹ̀ tí ojú kò ní rí i, nítorí náà alásè fúnra rẹ̀ ni kí o bi, má ṣe fi mọ sí agbóúnjẹ. Àwọn tí ó jẹ́ Mùsùlùmí nínú yín yóò fẹ́ kírun nígbà tí oòrùn bá wọ̀; ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ lẹ́yìn wọn. Àwọn tí ń gbé oúnjẹ wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má ṣe máa pọ̀ṣẹ́ pè wọ́n, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ fún wọn ní ohun tí o bá fẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ.

Ti ọ̀nà lílọ kò le. Láti September 2023 ni reluwé Blue Line ti ń ná Mile 2 sí Marina, ó sì ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń pè ní National Theatre tẹ́lẹ̀ ní Igánmú, nítorí náà kò sí ìdí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó wà lápá Ṣúrùlérè tàbí Festac yóò fi há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Sọ fún wọn kí wọ́n ti fi owó sínú káàdì Cowry wọn, èyí tí wọ́n fi ń san owó reluwé náà. Ti àbọ̀ ni kí o múra sí: mọ ìgbà tí reluwé ìkẹyìn máa ń lọ, mọ ẹni tí yóò bá ta ni padà, kí ẹni tí ó bá mu ọtí má sì fọwọ́ kan ọkọ̀. Ìta gbangba ni púpọ̀ nínú ibi ìjókòó ibẹ̀, ìgbà òjò sì ti dé, nítorí náà sọ fún wọn pé abẹ́ òrùlé ni o fẹ́.

Bàbá rẹ ní òun yóò fi díẹ̀ kún owó tí o ti tọ́jú. Yóò wọ àkáǹtì rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí o bá ti bá ọ̀rẹ́ rẹ yẹn sọ̀rọ̀, jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ó wí. Bí kò bá lè wá sí Freedom Park, mú un wá sílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, èmi yóò se ìrẹsì ọ̀fadà fún ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ni ìyá rẹ.