Kànga Ẹ̀rọ Nìkan Kò Tó Fún Ọwọ́ Oníṣẹ́-Abẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ìyá tí ojú iṣẹ́-abẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣọyún lẹ́yìn ìgbẹ̀bí, tó ní kí ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí gbogbo ilé ìwòsàn Ìjẹ̀bú. Mo bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ọdún 29 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́-abẹ, ojú mi sì rí nǹkan.

Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, odindi ìṣẹ́jú 10 la fi ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, tí awọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ omi dákẹ́, ẹnì kan á máa fi kọ́ọ̀bù bu omi dúrọ́ọ̀mù dà sí wa lọ́wọ́. Dúrọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn! Ẹ má sì wí pé ìbọ̀wọ́ ṣáà wà. Abẹ́rẹ́ a máa lu ú, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má mọ̀.

Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní, níbi tí omi tíátà kò bá ti dáni lójú, sànìtáísà oní-sípíríìtì ni kí wọ́n fi pa ọwọ́ kí wọ́n tó wọ ìbọ̀wọ́. Wọn ò fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Kí èèyàn fi ọṣẹ fọwọ́ nígbà tó bá wọlé, kí ọwọ́ gbẹ dáadáa, kó wá fi sànìtáísà náà pa ìka dé ìgbọ̀nwọ́, kó sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ kọ bí a ṣe ń pò ó sílẹ̀: ẹtánọ́ọ̀lù (sípíríìtì náà) 80 nínú 100, glycerol tí kì í jẹ́ kí awọ gbẹ àti hydrogen peroxide tó ń pa kòkòrò díẹ̀díẹ̀, omi sísè tó ti tutù. (Ògógóró kọ́ o, agbára rẹ̀ ò tó.)

Èékánná ló ń bí mi nínú jù. Bí Ojúde Ọba bá ti parí, àwọn ọmọ wa á padà sẹ́nu iṣẹ́ tàwọn ti èékánná àlẹ̀mọ́ àti òrùka, ibi tí kòkòrò àrùn ń sá pamọ́ sí. Mo lé ọ̀kan jáde ní tíátà rí. Ó ní, "Mọ̀mí, owó tí mo ná sí i pọ̀." Mo ní kó lọ jẹ̀gbádùn owó rẹ̀ níta.

Kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, mi ò bá wọn jà. Ó lè pẹ́ kó tó dé ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún apòògùn lówó ẹtánọ́ọ̀lù, ọ̀sẹ̀ yìí ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde