Owó páànù àti "gòjé" tí ẹ rí nínú fọ́tò

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́. Òótọ́ ni, òjò ń wọ yàrá Màmá, owó páànù tó kàn mí ò tíì pé, èmi wá ń gbé gòjé ya fọ́tò. Ìyókù á dé kí oṣù yìí tó parí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó ohun tí mo rà ò tó páànù mẹ́ta.

Kì í sì í ṣe gòjé. Ravanahatha ni wọ́n ń pè é ní Rajasthan níbí, ní ilẹ̀ Íńdíà, ìyẹn "ọwọ́ Ravana", ọba kan nínú ìtàn wọn. Igbá ni ti Bàbá. Èèpo àgbọn tí wọ́n là sí méjì ni tiwọn, awọ ewúrẹ́ ló bò ó, ọparun lọrùn rẹ̀. Okùn kan ni Bàbá ń ta. Eléyìí ní okùn irun ẹṣin kan àti wáyà kan, wáyà wẹ́wẹ́ tún wà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, tó kàn ń gbè é bí elégbè. Ṣaworo wà lára ọrun rẹ̀! Bí bàbá tó tà á fún mi ṣe gbé èèpo àgbọn náà ti àyà, tó ń fa ọrun, ọwọ́ kan náà ló fi ń ta okùn tó fi ń ṣe onílù.

Bhopa ni wọ́n ń pe irú bàbá yìí. Wọn a na aṣọ gígùn aláwòrán, wọn a fi gbogbo òru kọ ìtàn Pabuji, òrìṣà wọn tó ń ṣọ́ ràkúnmí, níwájú rẹ̀, ìyàwó akọrin á máa gbé fìtílà lọ síbi àwòrán tí orin bá dé. Ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn á ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní báyìí, orin fíìmù ni àwọn mìíràn ń ta fún àlejò. Ọmọ bàbá yìí ń wa máárúwá. Bàbá náà ní òun ò bá a wí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú: ta ló ń ta gòjé Bàbá? Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, ẹ ní kí n má gbé e lọ, pé ilé ló yẹ kó wà. Ṣé orí àjà yàrá Màmá náà ló ṣì wà? Kí àwọn káfíńtà tó dé, ẹ bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí awọ rẹ̀ bá ti rà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Àbúrò yín.