Ta Ló Kọ́ Ilé sí Etídò? Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìbàdàn àti ẹ̀yin tí ẹ bá a tan,

Ẹ kú òjò o. Ẹ kú ọ̀gbàrà, ẹ sì kú ẹrẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹnu mi kò sì tíì fẹ̀yìn tì ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín nígbàkígbà tí omi bá ya wọ ilé ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ẹ máa ń ní: "Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ló fà á, wọ́n dọ̀tí jù." Àwọn míì nínú yín á ní Ọlọ́run ló ń bínú. Pé ìdọ̀tí wà nínú gọ́tà, mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ ẹ dúró ná.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ènìyàn tó lé ní 200 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé. Adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá Àpẹ̀tẹ̀ wó, àwọn tó kú lé ní 100. Ṣé òjò yẹn kò rọ̀ dé Jẹ́ríkò, níbi tí àwọn olówó ń gbé, ni? Ó rọ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí omi wó, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, etídò ni. Ta ló ń gbé etídò? Ẹni tí owó ilé ibòmíràn ga jù fún ni. Ta ló ta ilẹ̀ náà? Ta ló lu òǹtẹ̀ sí pílánù rẹ̀, tàbí tó gba nǹkan kó lè mójú kúrò? Àwọn yẹn kò sí nílé lọ́jọ́ tí omi dé. Ọ̀run ni òjò ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá a lọ, inú ìlú níbí la ti yàn án.

Irú ìbéèrè báyìí niṣẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ á wọn gígùn gọ́tà, á wọn ìbú rẹ̀ (a ò sì lè ṣe é láìsí i). Onímọ̀ àwùjọ á béèrè ẹni tó pinnu ibi tí gọ́tà máa gbà àti ibi tí kò ní dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ jọ́gíráfì tó papòdà ní 2022, ti fi yé wa tipẹ́ pé àárín ìlú méjì ni Ìbàdàn ní: èyí àtijọ́ tó wà ní Ọjà'ba, àti èyí tó hù lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn tí rélùwéè dé ní 1901. Àwọn òyìnbó amúnisìn ya Àgódì àti Jẹ́ríkò sọ́tọ̀ fún ara wọn, ilẹ̀ fẹ̀, igi wà, ilé jìnnà síra. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn ọ̀gá tiwa kó wọbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní Bẹẹrẹ, ní apá ìlú àtijọ́, dọ̀tí, kó kọ́kọ́ wádìí ọdún tí ìjọba la gọ́tà débẹ̀, bí wọ́n bá là á rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan ṣoṣo, ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí à ń ra omi inú ọ̀rá? Nítorí ẹ̀rọ omi gbẹ ni. Omi Ẹlẹ́yẹlé ti wà láti 1942, Àṣéjire tẹ̀lé e ní 1972, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín ti dàgbà tó láti gbéyàwó láì rí kí omi ìjọba sun nílé bàbá yín. Ẹni tó ń rọ omi sínú ọ̀rá ń jèrè. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá fún un ń jèrè. Ọmọ tó ń kiri rẹ̀ nínú gósúló rí ìwọ̀nba tirẹ̀. Bí omi bá ti tán báyìí, ọ̀rá di ọmọ òrukàn, kò sẹ́ni tó ni ín mọ́, gọ́tà ló gbà á tọ́. Tó bá wá di ọjọ́ sáńtéṣọ̀n, ìyá tó ń ta á lábẹ́ àgbòòrùn ni wolé-wolé máa mú. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo ẹni tó jèrè ńlá ti kúrò nídìí ọ̀rọ̀.

Ẹ má sì rò pé àwa àgbà mọ́ jù yín lọ. Nígbà tó jẹ́ pé ewé la fi ń pọ́n ẹ̀kọ, tí a fi ń di àkàrà, a ń sọ ewé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ̀rá sílẹ̀. Ewé a jẹrà, ewúrẹ́ a sì jẹ èyí tí kò bá jẹrà. Ìwà wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, ohun tí wọ́n ń tà fún yín ló yàtọ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé. Ní Houston, ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ àwùjọ kan tó jẹ́ ènìyàn dúdú, Robert Bullard, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde ní 1979 láti wádìí ibi tí ìlú náà ń da ìdọ̀tí sí. Ààtàn márùn-ún ni ìlú ní, márààrún ló wà ládùúgbò àwọn ènìyàn dúdú. Nínú ibi mẹ́jọ tí ìlú ti ń sun ìdọ̀tí, mẹ́fà wà lọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n nínú ìlú ọ̀hún. Nílùú tiwa, Awótán, Lápìtẹ́, Ajákáńgà àti Àbá-Èkú ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí lọ. Òótọ́ ni pé ibi tí àyè bá wà ni ààtàn ń wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn omi kànga ní Awótán kọ́ ló kó ìdọ̀tí gbogbo ìlú jọ.

Ẹ bi àwọn òbí yín nípa Koko, lápá ibi tó di ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ní 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá tí májèlé wà nínú rẹ̀ láti Ítálì, wọ́n háyà àgbàlá baálé ilé kan fún owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n sì tò wọ́n síbẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òṣì ló la ẹnu ògiri náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Nàìjíríà dá àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká sílẹ̀, ọdún tó tẹ̀lé e sì ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Basel lórí kíkó ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Síbẹ̀, fìríìjì tòkunbọ̀ tí kò ní ṣiṣẹ́ ju oṣù díẹ̀ lọ ṣì ń wọlé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ọmọ wa tó pọ̀ jù ló ń ba ojú ọjọ́ ayé jẹ́, ẹ dá a lóhùn pé gbogbo Áfíríkà lápapọ̀, èéfín kábọ́ọ̀nù tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ kò tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ti àgbáyé.

Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Garrett Hardin, kọ ọ́ ní 1968 pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àjọjẹ ni yóò bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ fi ilẹ̀ àjọni ṣe ti ara wọn. Obìnrin kan, Elinor Ostrom, lọ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe é gan-an: àwọn àgbẹ̀ tó jọ ń pín omi ní Nepal, àwọn darandaran lórí òkè ní Switzerland. Ó rí i pé níbi tí àwọn tó ń lo nǹkan bá ti fúnra wọn ṣòfin, tí wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, tí ẹni tó rú òfin sì ń san owó ìtanràn, nǹkan àjọni kì í sábà bàjẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Èmi fẹ́ràn obìnrin yìí, nítorí ó kọ́kọ́ lọ wò kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ gbá gọ́tà yín o. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbá a. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sípàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù pẹ̀lú, kódà bí ayálégbé ni yín. Ẹ béèrè bí ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ sétí odò ṣe rí ìwé gbà. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 nítorí omíyalé Ìbàdàn, gbèsè ni, ẹ̀yin lẹ ó sì san án. Ẹ wádìí afárá àti gọ́tà tí wọ́n fi ṣe ládùúgbò yín. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ lọ wò ó nínú oṣù Kẹsàn-án, kì í ṣe nínú ọyẹ́, ẹ sì bi àwọn ìyá àgbà tó wà nítòsí ibi tí omi máa ń gbà. Bí wọ́n bá ní ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé, ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ mú un lọ sí káńsù. Kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Èmi ni bàbá yín,
ní Mọ́lété, Ìbàdàn.