Kí a tó pe ara gbígbóná ní ibà àti taifọ́ọ̀dù

Olótùú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan lórí ojú-ìwé ìlera tí ẹ ń gbé jáde. Ìdáhùn tí ẹ fún òǹkàwé kan lójú-ìwé náà láìpẹ́ yìí ni ó mú mi gbé kálàmù. Ẹni náà ní ara òun ń gbóná, orí ń fọ́ òun, ẹnu òun korò, oúnjẹ kò sì wu òun jẹ. Ìmọ̀ràn tí ẹ fún un ni pé kí ó lọ yẹ ibà àti taifọ́ọ̀dù wò pọ̀, kí ó sì lo oògùn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ̀ka tí a ti ń rí àwọn aláìsàn tí wọ́n ń tilé wá, tí a kò dá dúró, ni mo sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Ìmọ̀ràn yẹn kò jẹ́ tuntun sí mi, nítorí òun náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni àti kẹ́mísì ń fún àwọn ènìyàn wa láti Èkó títí dé Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà, mo sì rọ̀ yín kí ẹ tún un ṣe.

N kò sọ pé ibà kì í ṣe ìṣòro wa. Nínú gbogbo àwọn tí ibà ń mú lágbàáyé lọ́dún, ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì ń pa jù. Ní ọdún tí ó ti pẹ́, ìlànà tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé bí ara ọmọdé bá ti gbóná, kí a ti fún un ní oògùn ibà, kí a má ṣe dúró de àyẹ̀wò. Ìlànà náà ní ìdí tirẹ̀ nígbà náà, nítorí pé ilé àyẹ̀wò kò tó, ikú kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé yí i padà: ẹnikẹ́ni tí a bá fura pé ibà ń ṣe, ìbáà ṣe ọmọdé tàbí àgbà, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí a tó fún un lóògùn. Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni àyẹ̀wò kíákíá tí a ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ṣe. Kò nílò iná mànàmáná, kò nílò ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ ìlera tí ó wà ní abúlé pàápàá lè ṣe é, èsì rẹ̀ a sì jáde láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì yẹ kí àwọn tí ń lò ó mọ̀ ọ́n. Èròjà kan tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wá, èròjà náà sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò náà tán. Nítorí náà, ẹni tí ó lo oògùn ibà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí ara rẹ̀ tún ń gbóná, tí àyẹ̀wò kíákíá sì tún sọ pé ibà wà, kí ó lọ síbi tí wọ́n ti lè fi maikirosíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó gbé oògùn mìíràn mì. Bákan náà ni pé àgbàlagbà tí ó ti ń gbé láàárín ẹ̀fọn láti kékeré lè ní kòkòrò ibà díẹ̀ lára láìjẹ́ pé òun ni ó ń ṣe é. Pé a rí ibà kò túmọ̀ sí pé kí dókítà fi àyẹ̀wò ara ẹni náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ taifọ́ọ̀dù, tí àwọn kan ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ni ó burú jù. Àyẹ̀wò Widal tí gbogbo ilé àyẹ̀wò àdúgbò ń ṣe ti wà láti 1896, nígbà tí Georges-Fernand Widal, oníṣègùn ará Faransé, gbé e jáde. Àyẹ̀wò náà kì í wá kòkòrò taifọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Èròjà ààbò tí ara ń pèsè láti bá kòkòrò náà jà ni ó ń wá, èròjà yìí kì í sì í tètè kúrò lára. Ẹni tí ó ti ní taifọ́ọ̀dù rí, ẹni tí ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, àti ẹni tí kòkòrò mìíràn tí ó bá a tan ti wọ̀ lára, gbogbo wọn ni ó lè ní èròjà yìí nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé taifọ́ọ̀dù ń ṣe wọ́n lónìí. Ibà pàápàá lè mú kí àyẹ̀wò náà jáde bí ẹni pé taifọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Ipasẹ̀ ni Widal ń rí, kì í rí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, kò sì lè sọ bóyá àná ni onítọ̀hún kọjá tàbí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ wa tí omi kànga àti omi inú ọ̀rá ti jẹ́ omi mímu ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí a bá mú àwọn tí ara wọn le koko nínú ọjà, tí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò ní ṣàì sí àwọn tí ìwé àyẹ̀wò wọn yóò sọ pé wọ́n ní taifọ́ọ̀dù.

Bí a bá fẹ́ kí Widal ní ìtumọ̀ rárá, ìlànà rẹ̀ ni pé kí a gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ 10 sí 14 wà láàárín, kí a sì wò ó bóyá iye tí a rí lẹ́ẹ̀kejì ti di ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Ta ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí? Ohun tí a ń rí ni bébà kékeré kan tí wọ́n kọ plọ́ọ̀sì méjì (++) sí fún ibà, tí wọ́n sì kọ 1:80 tàbí 1:160, tí í ṣe òṣùwọ̀n èròjà ààbò náà, sí fún taifọ́ọ̀dù, tí aláìsàn yóò sì mú lọ sí kẹ́mísì bí ẹni mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ dání. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti ń tọ́jú taifọ́ọ̀dù kan náà láti bí ọdún mélòó kan, tí wọ́n ń sọ pé ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn, kò sì ní lọ mọ́. Taifọ́ọ̀dù tòótọ́ kì í ṣe àìsàn tí ènìyàn ń bá ṣeré bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún: bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè lu ìfun, èyí sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, iṣẹ́ abẹ ni ó sì kù lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀nà tí ó dára jù láti mọ̀ ọ́n ni pé kí a gba ẹ̀jẹ̀, kí a gbìn ín sínú ìgò tí kòkòrò lè hù nínú rẹ̀, kí a sì wo ohun tí yóò hù jáde. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, owó rẹ̀ pọ̀ ju ti Widal lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ìlú ni ó ti ṣeé ṣe. Kódà, ó lè fo taifọ́ọ̀dù ru nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní i, pàápàá bí wọ́n bá ti lo oògùn apakòkòrò kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí kòkòrò náà, ọ̀rọ̀ tán, yóò sì tún sọ oògùn tí ó lè pa á. Níbi tí kò bá ti sí i, dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ìbéèrè àti ọwọ́ ṣe é: ara gbígbóná tí ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tí ó ń ga sí i lójoojúmọ́, inú tí ń dunni, ìgbẹ́ tí kò jáde tàbí tí ó ń ya gbuuru, àti àyẹ̀wò ibà tí kò rí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ní gbogbo ìwọ̀nyí yẹ ní títọ́jú fún taifọ́ọ̀dù, kí ó sì lo oògùn náà pé. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná láti àná, tí ó ń sín, tí imú rẹ̀ sì ń dà, kò yẹ.

Àwọn kan lè béèrè pé, bí a bá fún ẹni náà ní oògùn méjèèjì, kí ni ó bàjẹ́? Ó bàjẹ́ lọ́nà púpọ̀. Ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò tí kẹ́mísì ń tà bí góòrò, ti ń pàdánù agbára rẹ̀ lórí kòkòrò taifọ́ọ̀dù nítorí pé a ń lò ó nílòkulò, tí a ń mu ún fún ọjọ́ méjì, tí a sì ń fi ìyókù pamọ́ de ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Láti 2008 ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára oògùn ìdílé rẹ̀ pé ó lè já iṣan tí ó so ẹran ẹsẹ̀ mọ́ egungun gìgísẹ̀. A sì rántí bí chloroquine, oògùn ibà àtijọ́, ṣe di oògùn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, títí Nàìjíríà fi pa á tì ní 2005, tí a sì bọ́ sí àwọn oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú wọn.

Èyí tí ó tún burú ju ti oògùn lọ ni àìsàn tòótọ́ tí a kò wá. Ọmọ tí òtútù àyà ń ṣe máa ń gbóná bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe gan-an, ìyàtọ̀ sì wà nínú mímí rẹ̀: ọmọ oṣù méjì sí oṣù 11 tí ó ń mí tó ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ ọdún kan sí ọdún márùn-ún tí ó ń mí tó ìgbà 40, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Ẹ ṣí aṣọ ọmọ náà, ẹ wo àyà rẹ̀, kí ẹ sì fi aago kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ èmi kò rí i kí wọ́n máa ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi. Obìnrin tí ìtọ̀ ń ta, tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí ó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó ń làágùn lóru, tí ó sì ń rù, kí ó lọ yẹ ikọ́ ife wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe é, oṣù mẹ́fà sì ni wọ́n fi ń lo oògùn rẹ̀. Mo ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ó mu agbo, tí ó gba abẹ́rẹ́ ibà, tí wọ́n fi dírípù sí lára, kí ó tó wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Ti ibà Lassa wá yàtọ̀ pátápátá, pàápàá fún àwa ará ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn ibi tí ó ti ń ṣọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Èkúté ni ó ń gbé e wọlé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí ibà: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn. Ohun tí ó yẹ kí ó ta òṣìṣẹ́ ìlera lólobó ni ara gbígbóná tí kò gbọ́ oògùn ibà láàárín ọjọ́ méjì. Níbi tí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, fífún un ní oògùn taifọ́ọ̀dù lé e lórí a máa fi àkókò ṣòfò, a sì máa fi ẹ̀mí àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn náà wewu.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní oṣù Keje 2014. Arìnrìn-àjò kan láti Liberia dé pẹ̀lú ara gbígbóná, ibà ni wọ́n sì kọ́kọ́ pe àìsàn rẹ̀. Dókítà Ameyo Adadevoh ni kò fara mọ́ ọn pé ibà nìkan ni. Ó béèrè ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ̀, ó fura sí Ebola, ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ó sì kọ̀ láti dá a sílẹ̀ bí àwọn alágbára tilẹ̀ ń fòòró rẹ̀. Àìsàn náà ni ó pa dókítà yìí ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, ó sì tán síbẹ̀; ẹni tí ó bá mọ bí èrò ṣe pọ̀ tó ní Èkó yóò mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀.

Àwa aláìsàn náà ní ẹ̀bi tiwa. Bí dókítà bá ní òun kò rí ibà, a ó ní ilé àyẹ̀wò wọn kò dára. Bí wọ́n bá fún wa ní parasitámọ́ọ̀lù nìkan, a ó ní wọn kò tọ́jú wa. Dírípù tí kò wúlò fún ẹni tí ó lè jẹun, tí ó sì lè mumi, a ó san owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Àwọn tí ń ta àyẹ̀wò àti oògùn mọ èyí, wọn kì í sì í jiyàn pẹ̀lú oníbàárà. Bí àyẹ̀wò bá sì wá rí ibà lóòótọ́, a ó lo oògùn náà ní ìlòkulò. Artemether àti lumefantrine, tí ó wọ́pọ̀ jù, ìgbà mẹ́fà ni à ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wákàtí mẹ́jọ ni ó wà láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì, lẹ́yìn náà ó di àárọ̀ àti alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá díẹ̀ kí ara lè gbà á. Ẹni tí ara rẹ̀ bá fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì, tí ó sì dá a dúró, ti fi ìyókù kòkòrò sílẹ̀ lára.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ tẹ àwọn àmì ewu wọ̀nyí sí ojú-ìwé ìlera yín ní gbogbo ìgbà òjò, tí ibà máa ń pọ̀: ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, tí gìrì mú, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe yà sí kẹ́mísì lọ́nà. Mo sì ń fi àsìkò yìí rọ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wa kí wọ́n rí i dájú pé ohun èlò àyẹ̀wò ibà kíákíá kò tán ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé wọn, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn olórí ìlera agbègbè ìdí tí wọ́n ṣì fi ń kọ àyẹ̀wò Widal ẹlẹ́ẹ̀kan fún àwọn tí kò ní owó oúnjẹ òní.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.