Ẹ Kọ Orúkọ Oògùn Sára Ọ̀rá

Sí Olóòtú,

Òǹkàwé yín tó ní òun da oògùn àyà jíjá tí dókítà kọ fún òun nù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló mú mi gbé kálàmù. Ó ní ti oníkẹ́míìsì ló ń ṣiṣẹ́. Kò purọ́. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni àyà mi á máa lù kì-kì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa fi àlùmọ́gàjí gé hóró mẹ́rin lára sáṣẹ́ẹ̀tì, ó dì í sínú ọ̀rá funfun kékeré, ó ní kí n máa lo ẹyọ kan lálẹ́. Kò bi mí ní ìwé dókítà. Kí wákàtí kan tó pé, ara mi ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo ṣàdúrà fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹyọ kan kò ràn mí mọ́. Ó di méjì. Ọjọ́ tí n kò bá rí i rà, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé tíì á dà sí mi lára. Mo ṣebí àìsàn ló ń le sí i, àṣé oògùn ló ti di bárakú. Dókítà ló sọ orúkọ rẹ̀ fún mi: bromazepam, ọmọ ìyá diazepam tí gbogbo wa mọ̀ sí Valium.

Dókítà náà kò ní kí n sọ ọ́ nù lójú ẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó ti pẹ́ lórí rẹ̀, tó bá já a lójijì, gìrì lè gbé e. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń dín in kù. Ó wá kọ sertraline fún mi, oògùn àyà jíjá ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kì í tètè mú (a kì í já òun náà lójijì o). Kí òǹkàwé yín gbọ́ ibí yìí dáadáa: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú. Èébì ń gbé mi, orí ń fọ́ mi, àyà tó ń já tilẹ̀ tún le sí i. Ká ní dókítà kò ti kìlọ̀ fún mi pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó mú, èmi náà ìbá dà á sí kòtò. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ mi ń ráhùn pé ariwo ìṣọ́ òru ẹ̀yìnkùlé wa kò jẹ́ kí òun sùn. Ìṣọ́ òru wo? Oorun àsùnwọra ni mo sùn ní tèmi.

N kò pe oògùn tó ń mú kíákíá, irú bromazepam, ní májèlé. Ẹni tí ìpayà ká mọ́lé lè nílò rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó wọra. Àmọ́ láti 1988 ni wọ́n ti sọ fún àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kó má kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ní 2020, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bárakú kún ìkìlọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọtí tàbí tramadol, oògùn ara ríro, lé e, èémí rẹ̀ lè dáwọ́ dúró lójú oorun. Bí arúgbó bá ń lò ó, ìṣubú kò jìnnà sí i.

Inú páálí ni ìwé ìkìlọ̀ máa ń wà. Kò sí nǹkan kan nínú ọ̀rá tí wọ́n dì fún mi. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi wá ní ìwé dókítà, kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn sára ọ̀rá. Yíǹkì yín kò ní tán.

Kí òǹkàwé yín náà tún padà lọ rí dókítà rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti yá jù.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.